Láti Àpòmù dé Dei-Dei: Ìbọn, Ọjà àti Àríyànjiyàn lórí Ohun Ìjà Tí Kò Bófin Mu

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ tà ń bọ̀, ẹni tí ó fẹ́ rà ń bọ̀, onílé àti àlejò ń fi èjìká gba èjìká, olúkúlùkù sì ní ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà, kí ojú ọba lè tó o, kí ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ má sì pẹ́ kí ó tó dé etí ìgbìmọ̀. Bí ọjà bá tòrò, ìlú tòrò. Bí ọjà bá dàrú, ó ti ń hàn pé apá àwọn aláṣẹ kò fẹ́ ká ìlú mọ́.

Ọjà méjì ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni ọjà Àpòmù, níbi tí asọ̀ lórí ataare ti di ọ̀kan nínú ohun tí ó fa ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èkejì ni ọjà Dei-Dei ní Àbújá, olú-ìlú Nàìjíríà, níbi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọlọ́kadà ní ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022. Ó tó nǹkan bí igba ọdún tí ó wà láàrin ìjà méjèèjì. Èdè àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yàtọ̀, ìjọba tí ó wà lórí oyè yàtọ̀. Síbẹ̀, bákan náà ni ìpìlẹ̀ wọn rí: ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àgbà ìbá parí kí oòrùn tó wọ̀ di ọ̀rọ̀ ikú, ìbọn sì wà níbẹ̀.

Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni àríyànjiyàn tí ó ń lọ lọ́wọ́ lórí ẹni tí ó yẹ kí ó ní ìbọn ní Nàìjíríà àti ẹni tí kò yẹ. Àwọn kan ní kí ìjọba jẹ́ kí ará ìlú gbé ìbọn láti fi dáàbò bo ara wọn. Àwọn mìíràn ní kí òfin túbọ̀ le, kí a gba gbogbo ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ. Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá àti ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fi hàn pé òfin nìkan kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó tún fi hàn pé ìbọn púpọ̀ kì í lé ẹ̀rù lọ. Ààbò tí tọ̀tún-tòsì lè gbọ́kàn lé ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí òfin tó lè rí ẹsẹ̀ rìn.

Ọjà Àpòmù àti Ogun Òwu

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, sì jẹ́ kí ó jáde ní ọdún 1921, ni ó kọ ìtàn ọjà Àpòmù sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ, asọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí iye ataare tí ó wà nínú ìdì kan. Owó ẹyọ díẹ̀ ni iye ọjà náà. Ẹni tí ó rà á ní kò pé, ẹni tí ó tà á ní ó pé. Ariwo ta, ará Òwu gbè sẹ́yìn ará Òwu, ará Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn ará Ìjẹ̀bú, ìjà sì dé.

Ẹni tí ó bá rò pé ataare nìkan ni ó fa ogun Òwu kò wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Akin Mabogunje àti J. D. Omer-Cooper, nínú iṣẹ́ ìwádìí wọn lórí Òwu tí ó jáde ní ọdún 1971, ṣe àlàyé bí òwò ẹrú, agbára Ọ̀yọ́ tí ń rọ̀, àti ìfigagbága lórí àwọn ìlú ọlọ́jà bíi Àpòmù ṣe dá gbùngbùn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé ní ọjà náà tipẹ́ kí asọ̀ ataare tó ṣẹlẹ̀. Ìbẹ̀rù ti wà nílẹ̀, ìkùnsínú ti wà nílẹ̀. Ataare kàn jẹ́ ẹ̀ta-iná tí ó ta sí orí koríko gbígbẹ ni.

Ibi tí ogun yìí ti ṣe pàtàkì jù lọ fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ni ti ohun ìjà. Àwọn jagunjagun Òwu gbójú, idà àti àdá gígùn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, ìjà àfojúkojú ni wọ́n sì mọ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn sún mọ́ etíkun, ọwọ́ wọn ti tó ìbọn àti ẹ̀tù tí àwọn Òyìnbó ń tà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìgbà tí ìbọn kọ́kọ́ yí ọ̀nà ìjagun padà ní àárín ilẹ̀ Yorùbá, ogun Òwu ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Òwu tú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 1830. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìlú ti mọ̀ pé ìlú tí kò bá ní ìbọn wà nínú ewu. Ohun tí àwọn baba ńlá kò tètè mọ̀ ni pé ìlú tí ó ní ìbọn pàápàá kò bọ́ nínú ewu.

Ìbọn Tí A Mọ Olúwa Rẹ̀

Èdè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Òwe àtijọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni ohun ìjà tí ó wà nínú òwe yìí. Ó hàn pé àwọn tí ó dá a kò tí ì máa fi ìbọn ṣe àpẹẹrẹ ìbínú. Nígbà tí ó yá, ìbọn wọ inú òwe, ó wọ inú oríkì, ó wọ inú orúkọ oyè. Ìbọn ṣakabùlà, tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta bọ̀ láti ẹnu, di ohun tí a lè bá ní ògiri ilé ọdẹ kọ̀ọ̀kan. Àwọn alágbẹ̀dẹ mọ bí a ti í tún un ṣe, nígbà tí ó ṣe, wọ́n mọ bí a ti í rọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwùjọ kò fi ìbọn sílẹ̀ láìní ìkáwọ́. Àwọn ọdẹ ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ ní Olúọ́dẹ, Olúọ́dẹ sì wà lábẹ́ ọba. Ògún ni gbogbo wọn ń bọ, irin sì ni wọ́n fi ń búra. Ọdẹ tí ó bá fi ìbọn rẹ̀ hu ìwà ìkà mọ̀ pé orúkọ òun ni ìlú yóò kọ́kọ́ dá, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ilé tí ìbọn wà. Iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, àti iṣẹ́ Bádé Àjùwọ̀n lórí ìrèmọ̀jé, fi hàn bí iṣẹ́ ọdẹ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ láti ọjọ́ ìwọlé títí dé ọjọ́ ìsípà. Ọdẹ kì í dá wà. Akàraògùn tí D. O. Fágúnwà dá sílẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938 gbé ìbọn wọ igbó, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, ọba ìlú sì lè ránṣẹ́ pè é.

Kò yẹ kí a wá sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Àwọn ológun tí wọ́n ń fi ìbọn kó ènìyàn lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ ẹni tí ìlú mọ̀, ìmọ̀ náà kò sì gba ẹni tí wọ́n kó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ìbọn tí a mọ olúwa rẹ̀ ṣeé bi léèrè ọ̀rọ̀. Èyí tí a kò mọ olúwa rẹ̀ kò ṣeé bi. Ọ̀rọ̀ yìí ni yóò tún jáde bí a bá dé Dei-Dei.

Ẹ̀kọ́ Ogun Kírìjì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ méjì bá ń figa gbága nípa ríra ìbọn, kí ó wo ogun Kírìjì. Ní ọdún 1878 ni ìṣàkóso àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn sú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí sì ṣe ọ̀nà fún ọ̀tẹ̀. Àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Ìbàdàn, lábẹ́ Ààrẹ Látóòsà, ni ó le jù. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó, nínú ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ilé, pàápàá irú èyí tí a ń pè ní Snider, tí a ń ki láti ìdí. Ìbọn yìí ń lọ jìnnà ju ṣakabùlà lọ fíìfíì. Johnson sọ pé ìró ohun ìjà náà, bí ó ti ń dún láàrin àwọn òkè, ni ó fún ogun náà ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí.

Ìbàdàn kò jókòó. Wọ́n wá tiwọn. Nígbà tí ọwọ́ ìhà méjèèjì ti tó ìbọn tí ó le, kò sí ẹni tí ó lè borí, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ padà sílé. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn ọmọ ń dàgbà ní bùdó. Látóòsà kú sí bùdó ní ọdún 1885. S. A. Akíntóyè, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1971 lórí ìyípadà àti agbára ní ilẹ̀ Yorùbá, fi yéni pé ogun yìí dá òwò dúró, ó sì mú kí gbogbo ìhà wá ẹni tí yóò là wọ́n.

Johnson fúnra rẹ̀ àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ láti bùdó kan dé èkejì. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886, àdéhùn àlàáfíà fìdí múlẹ̀, wọ́n sì dáná sun àwọn bùdó. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó tètè gbé ìbọn rẹ̀ jùnù, nítorí kò sí ẹni tí ó dá a lójú pé ẹnì kejì yóò pa àdéhùn mọ́. Ó di ọdún 1893, nígbà tí Gómìnà Gilbert Carter rìn la ilẹ̀ Yorùbá já, kí àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ́kù tó tú ká pátápátá. Agbára tí ó mú un ṣeé ṣe kì í ṣe ti ọmọ Yorùbá. Ọdún kan péré ṣáájú, ní Ìmagbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ni ìbọn Maxim àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi han àwọn Ìjẹ̀bú pé ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìbọn yóò pàdé ẹni tí tirẹ̀ jù ú lọ. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ ra ìbọn nítorí òmìnira, ọwọ́ àjèjì ni wọ́n ti gba àlàáfíà.

Òfin àti Ìbọn láti Ọdún 1890

Ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1890, àwọn ìjọba Òyìnbó fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lórí òwò ẹrú ní Áfíríkà. Ìwé náà ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ mú ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó tóbi jù nínú Áfíríkà, láti ìlà 20 ní àríwá agbedeméjì ayé títí dé ìlà 22 ní gúúsù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yọ̀ǹda fún ìbọn olókùúta-iná àti ẹ̀tù lásán tí àwọn oníṣòwò ń tà. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ pa òwò ẹrú run. Ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni pé ṣakabùlà wà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà, Maxim sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ rẹ̀. Òfin ìbọn àkọ́kọ́ tí ó kàn wá kò dọ́gba fún gbogbo ènìyàn, ìrántí àìdọ́gba náà kò sì kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn títí di òní.

Ìlà tí wọ́n fà ní Brussels tún hàn nínú Òfin Ìbọn ti Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, tí ó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè yìí títí di ọ̀rúndún yìí. Òfin náà pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni ìbọn ogun, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìlẹ̀wọ́. Èèwọ̀ ni fún ará ìlú àyàfi tí olórí orílẹ̀-èdè bá fún un láṣẹ. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ ìgbàlódé àti irú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ó ń fúnni ní ìwé àṣẹ fún un. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ìbọn mìíràn tí a ń ki láti ẹnu. Òun náà wà lábẹ́ àṣẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfin fúyẹ́ sí i ju ti àwọn yòókù lọ.

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 fi ọ̀pọ̀ ìbọn sílẹ̀, olè jíjà pẹ̀lú ìbọn sì gbilẹ̀. Ìjọba ológun ṣe òfin olè àti ìbọn ní ọdún 1970, ikú sì ni ìjìyà adigunjalè. Ní ọdún 1971, wọ́n yìnbọn pa Ishola Oyenusi ní etí òkun Bar Beach ní Èkó, lójú ọ̀pọ̀ èrò. Ní ọdún 1984, ìjọba tún òfin náà ṣe. Ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ yóò san 20,000 náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kí ó gba ìjìyà méjèèjì. Owó ńlá ni 20,000 náírà ní ọdún 1984. Lónìí, kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Ìkà òfin wà nínú ìwé, agbára rẹ̀ ti gbẹ.

Ṣé àwọn òfin wọ̀nyí dín ìbọn kù? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, olórí orílẹ̀-èdè nígbà kan, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, sọ ní gbangba pé a ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 6 irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ ni ó wà káàkiri Nàìjíríà. Ìṣubú ìjọba Líbíà ní ọdún 2011 ti tú ilé ìkóhun-ìjà orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ fún gbogbo agbègbè Sàhẹ́lì. Àwọn alágbẹ̀dẹ inú ilé pẹ̀lú ń rọ ìbọn tí ó ju ṣakabùlà lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ lábẹ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ètò ààbò láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ ohun ìjà kékeré.

Dei-Dei, Oṣù Karùn-ún Ọdún 2022

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976 ni òfin sọ Àbújá di olú-ìlú tuntun, ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó lọ síbẹ̀. Àwọn Gbagyi wà lára àwọn onílẹ̀. Gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà wá bá wọn níbẹ̀, ẹni tí kò rí ibùgbé ní àárín ìlú sì tẹ̀dó sí àyíká rẹ̀. Dei-Dei wà lára irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ní ọ̀nà Kúbwà sí Zuba. Ọjà ohun èlò ìkọ́lé tí ó wà níbẹ̀ lókìkí: pákó, irin, páànù àti sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́ ilé àwọn ọlọ́lá ní àárín Àbújá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gba Dei-Dei kọjá. Ọjà ẹran àti ọjà èso wà nítòsí. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé, ọ̀kadà ń gbé èrò láàrin wọn. Bí ọ̀nà kan kò ti wọ Àpòmù ni ọ̀nà kan kò wọ Dei-Dei.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, obìnrin kan jábọ́ láti orí ọ̀kadà ní agbègbè ọjà náà, ọkọ̀ akẹ́rù sì tẹ̀ ẹ́ pa. Inú bí àwọn tí ó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ọ̀kadà. Àwọn ọlọ́kadà kó ara wọn jọ láti gbẹ̀san. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìsọ̀ àti ọkọ̀ ti ń jó, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn sì sọ fún àwọn oníròyìn pé ìró ìbọn ń dún. Àwọn ọlọ́pàá kéde pé ènìyàn mẹ́rin ni ó kú. Mínísítà tí ó ń ṣàkóso Àbújá nígbà náà, Muhammad Musa Bello, pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà náà pa.

Kò sí ohun tí ó ṣòro láti yé ènìyàn nínú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni kan kú, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a tètè mú ẹni tí ó jẹ̀bi, tí a sì fi í fún òfin, ìka tí ó ṣẹ̀ nìkan ni ọba ìbá gé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dúró de ọba. Ẹ̀bi ẹnì kan di ẹ̀bi gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, bí àwọn àgbà ti ń sọ pé ẹrú kan ní í mú ni bú igba ẹrú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tètè fi ojú ẹ̀yà wo ìjà náà, bí ó ti rí ní Àpòmù nígbà tí olúkúlùkù gbè sẹ́yìn ará ìlú rẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé ìbọn tí àwọn ènìyàn gbọ́ ìró rẹ̀ kò ní Olúọ́dẹ tí a lè ránṣẹ́ pè. Ìró rẹ̀ dún, olúwa rẹ̀ wọ inú èrò lọ.

A kò lè ya ọ̀rọ̀ Dei-Dei sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká rẹ̀ ní ọdún náà. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, ọdún 2022, ọkọ̀ ojú irin tí ó kúrò ní Idu, tí kò jìnnà sí Dei-Dei, kò dé Kàdúná. Àwọn agbébọn dá a lọ́nà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó èrò tí ó ju 60 lọ sí ìgbèkùn. Ní ọjọ́ 5, oṣù Keje, ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ìjà ọjà, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní Àbújá kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ. Ẹni tí ó ń gbé ní irú àyíká bẹ́ẹ̀, tí a sì sọ fún pé kí ó má ní ohun ìjà, yóò béèrè ẹni tí yóò dáàbò bo òun.

Àríyànjiyàn Náà

Ìbéèrè yìí ni àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ará ìlú gbé ìbọn gùn lé. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Gómìnà Samuel Ortom ti Ìpínlẹ̀ Benue ní kí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ọmọlúàbí láṣẹ láti ní AK-47. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Zamfara lábẹ́ Bello Matawalle kéde pé kí àwọn ènìyàn múra láti gba ìwé àṣẹ ìbọn fún ààbò ara wọn. Olórí àwọn ológun Nàìjíríà nígbà náà, Lucky Irabor, kò fara mọ́ ọn, ó ní gómìnà kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn gómìnà ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn tí kò dín ní 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, ohùn Gómìnà Rótìmí Akérédolú túbọ̀ le. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ó béèrè ìdí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní apá kan orílẹ̀-èdè yóò fi máa gbé AK-47, tí a ó sì fi du Àmọ̀tẹ́kùn.

Àròyé yìí kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òfin tí ó bá de ọwọ́ ọmọlúàbí, tí kò sì de ti ajínigbé, ó ti ran ajínigbé lọ́wọ́. Ìbéèrè Akérédolú tún jẹ́ ti ìdọ́gba, ó sì mú ọ̀rọ̀ Brussels wá sí ìrántí: ta ni a gbà láyè láti gbé ìbọn tí ó le, ta ni a sọ pé ṣakabùlà tó fún?

Ṣùgbọ́n Dei-Dei ní ìbéèrè tirẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ ìbọn fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìbọn oníwèé-àṣẹ wà ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ǹjẹ́ òkú yóò dín sí mẹ́rin, tàbí yóò lé? Àwọn tí wọ́n jà ní ọjọ́ náà kì í ṣe afẹ̀míṣòfò láti inú igbó. Ọlọ́jà àti ọlọ́kadà ni wọ́n, ẹni tí ó ń gbé èrò wá fún ọlọ́jà, àti ẹni tí ọjà rẹ̀ ń fún ọlọ́kadà ní iṣẹ́. Ọmọlúàbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọjọ́ 17. Ìbínú wákàtí kan ni ó yí wọn padà. Ìwé àṣẹ kò lè ṣèdíwọ́ fún ìbínú. Àwọn tí wọ́n jà ní Kírìjì náà kì í ṣe ẹni burúkú. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ìbọn tí ó pọ̀ lọ́wọ́ ìhà méjèèjì ni kò jẹ́ kí ìjà wọn tán.

Àpẹẹrẹ láti Timbuktu

Orílẹ̀-èdè Málì fún ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ìjà láàrin ìjọba àti àwọn Tuareg ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990, wọ́n wá ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí bí a ṣe lè gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ìmọ̀ràn tí ó jáde ni pé ààbò ni kí ó kọ́kọ́ dé: kò sí ẹni tí yóò jọ̀wọ́ ìbọn rẹ̀ níbi tí ọ̀nà kò ti ṣeé rìn. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gba àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan sínú iṣẹ́ ọba. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹta, ọdún 1996, wọ́n dáná sun nǹkan bí 3,000 ìbọn ní Timbuktu lójú Ààrẹ Alpha Oumar Konaré àti gbogbo èrò.

Iná Timbuktu ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS lójú. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1998, wọ́n fẹnu kò ní Àbújá pé àwọn yóò dáwọ́ rírà àti rírọ ohun ìjà kékeré dúró fún ìgbà kan. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2006, ní Àbújá kan náà, wọ́n sọ ọ́ di àdéhùn tí ó ní agbára òfin. Ìlú tí wọ́n ti buwọ́ lu ìwé méjèèjì ni Dei-Dei wà.

Kò sì yẹ kí a bo ìyókù ìtàn náà mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2012, ogun tún bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Málì, ìbọn tí ó wá láti Líbíà sì wà lára ohun tí ó fún un lágbára. Àlàáfíà ọdún 1996 kò lè dá dúró nígbà tí a kò ṣọ́ ọ mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí kò tako ti ìṣáájú. Ó kún un ni. Ààbò ní í mú kí ènìyàn jọ̀wọ́ ìbọn, àìsí ààbò ní í mú kí ó tún lọ rà á.

Ìkádìí

Àwọn tí wọ́n ń pe fún òfin líle àti àwọn tí wọ́n ń pe fún ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú jọ ń sá fún ewu kan náà. Ohun tí Àpòmù, Kírìjì, Timbuktu àti Dei-Dei fi kọ́ni kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, ọ̀rọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò tètè parí rẹ̀. Ọjà tí ó ní ìgbìmọ̀ tí àwọn ọlọ́jà àti àwọn ọlọ́kadà jọ jókòó sí, tí ọlọ́pàá sì wà nítòsí rẹ̀, kò ní tètè di ojú ogun. Èkejì, ìbọn kọ̀ọ̀kan tí ó bá wà láàrin ìlú gbọ́dọ̀ ní olúwa tí a mọ̀, ì báà ṣe ti ọdẹ, ì báà ṣe ti Àmọ̀tẹ́kùn, ì báà ṣe ti ọlọ́pàá fúnra rẹ̀, kí a lè bi í léèrè. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù: ìjọba tí ó bá fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀rù kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu gbọ́dọ̀ dé Kàdúná. Ẹni tí ó lọ jọ́sìn ní Ọ̀wọ̀ gbọ́dọ̀ padà sílé.

Títí tí èyí yóò fi ṣẹlẹ̀, olúkúlùkù yóò máa fura sí ẹnì kejì rẹ̀ ní ọjà, nítorí òwe àwọn àgbà kò tí ì yí padà: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun?